A fẹ́ dá ìwé ìròyìn kékeré sílẹ̀ fún àwa olólùfẹ́ géèmù adventure n'Ílọrin: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Onígèémù Tánkẹ

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa kan wà ní Tánkẹ níbí, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wa, géèmù adventure la nífẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á béèrè pé èwo nìyẹn. Géèmù onítàn ni, kì í ṣe ti ìbọn yíyìn: wàá wá kọ́kọ́rọ́, wàá bá àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀, wàá ronú ohun tí okùn àti garawa lè dà tí o bá so wọ́n pọ̀. Monkey Island, King's Quest, Broken Sword, irú wọn yẹn.

A fẹ́ máa tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan nípa wọn, bébà gidi, èyí tí èèyàn lè ká sápò. Kò sẹ́ni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí nínú wa. Ojú-ìwé mélòó ló dáa? Báwo la ṣe máa tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún? Kí la máa kọ tí kò tíì sí lórí YouTube? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó má fi pamọ́.

Atẹ̀wé Ojú Ọ̀nà Táíwò

Àbúrò, ẹ kú ìmúra. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa géèmù, ìtẹ̀wé ni tèmi, ìyẹn ni mo máa sọ.

Ìwé tí a bá máa fi pín-ìnì gún láàárín, iye ojú-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin: 8, 12, 16, 20. Bébà A4 kan tí a ṣẹ́ po láàárín, ojú-ìwé A5 mẹ́rin ló máa fún yín. Ẹni tó bá gbé ojú-ìwé 14 wá, méjì máa ṣófo, á sì san owó wọn. Ẹ fi 16 bẹ̀rẹ̀: mẹ́rin fún èèpo ẹ̀yìn, 12 fún inú. Bébà mẹ́rin ni ìwé kan á gbà. Tó bá jẹ́ bébà kan náà lẹ lò fún gbogbo rẹ̀, rímù kan, tó jẹ́ 500, á di ìwé 125, ká tó yọ èyí tí ẹ̀rọ bá fà ya.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá, ẹ mú bébà òfìfo mẹ́rin, ẹ tò wọ́n léra, ẹ ṣẹ́ wọn po lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá kọ nọ́ńbà sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 16. Nígbà tí ẹ bá tú u, ẹ ó rí i pé 16 àti 1 ló wà lójú kan, 2 àti 15 ló wà lẹ́yìn wọn. Méjèèjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú bébà kan, àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 17. Dọ́mì là ń pe ìyẹn. Ẹ mú un dání tí ẹ bá ń bọ̀, èmi kò ní lè ṣì í tò, ẹ̀yin náà kò ní lè bá mi jiyàn.

Ti ẹ̀rọ wá kù. Bí ìwé tí ẹ fẹ́ kò bá ju ogójì tàbí àádọ́ta lọ, fọ́tókọ́pì tàbí DI, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé aláwọ̀ tààrà láti inú fáìlì kọ̀ǹpútà, ló tọ́ sí i. Bó bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹ béèrè Riso, ẹ̀rọ tí àwọn ilé-ìwé fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ó máa ń gé máásítà kan, awẹ́ fẹ́lẹ́ tí yíǹkì ń gbà kọjá, fún ojú bébà kọ̀ọ̀kan, máásítà yẹn ló ń gbówó, nítorí náà bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ sí i ni iye tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń ná yín ń wálẹ̀. Ẹ tẹ èèpo ẹ̀yìn nìkan ní aláwọ̀ lórí DI, kí inú rẹ̀ jẹ́ dúdú.

PDF ni kẹ́ ẹ gbé wá, ẹ má gbé fáìlì CorelDRAW. Fọ́ǹtì tó wà lórí ẹ̀rọ yín lè máà sí lórí tèmi, ohun tó máa jáde kò ní dùn mọ́ yín. Ẹ má sì wá bá mi ní oṣù Kejìlá. Kàlẹ́ńdà ló máa ń wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Dátà Ò Tó

Ẹ̀gbọ́n atẹ̀wé ti ń wá oníbàárà o 😂 Ẹ̀yin Tánkẹ, ta ló ń ra bébà mọ́? Ẹ ṣe PDF, ẹ jù ú sórí WhatsApp, ó parí. Owó tí ẹ fẹ́ kó fún wọn ní Táíwò, ẹ fi ra géèmù.

Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kó wúwo. Àwa tí à ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tí PDF bá ti kọjá 10MB a ò ní ṣí i. Àwòrán tó wà fún ojú fóònù kò nílò ju 150 dpi lọ, ìyẹn iye hóró àwòrán nínú ínṣì kan.

Màámi Ọ̀fà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má jẹ́ kí orí ewú yà yín lẹ́nu níbí, mo ti ń gbá irú géèmù yìí láti ìgbà tó jẹ́ pé DOS la fi ń ṣí kọ̀ǹpútà.

Ìbéèrè tí ẹ fi sí ìkẹyìn ló ṣe kókó jù. Ẹni tí ọ̀nà bá dí mọ́ nínú géèmù, tó bá lọ sórí YouTube, gbogbo ìdáhùn ló máa tú síta lójú rẹ̀, adùn ti lọ nìyẹn. Ìdáhùn kọ́ ló sì ń wá, olobó ló ń wá. Bí ẹni ń pa àlọ́ àpamọ̀ ni kí ẹ ṣe é. Apàlọ́ kì í já a fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á jẹ́ kí àwọn ọmọ bíi mélòó kan gbé e tì ná.

Láyé ọjọ́un, ilé-iṣẹ́ Infocom, àwọn tó ta Zork, máa ń ta ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní InvisiClues. Yíǹkì tí ojú kì í rí ni wọ́n fi tẹ ìdáhùn inú rẹ̀. Ẹni tó bá rà á á fi pẹ́ẹ̀nì àkànṣe kùn ún kí ọ̀rọ̀ tó hàn, olobó kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tí àkọ́kọ́ bá ti là lójú kò ní kun èyí tó kù.

Ẹ̀yin lè ṣe é láìsí yíǹkì kankan. Ẹ wo ilẹ̀kùn inú Zork II, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ihò ní òdìkejì. Olobó kìíní, ní ojú-ìwé 5: «Ṣé o ti wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn dáadáa?» Èkejì, ní ojú-ìwé 9: «Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ tó fẹ̀, àmọ́ tó fẹ́lẹ́?» Ìdáhùn gan-an wá wà ní ojú-ìwé 15, ní dídojúdé: ti ẹní kékeré náà sábẹ́ ilẹ̀kùn, fi nǹkan ṣóńṣó ti kọ́kọ́rọ́ kó jábọ́ lé e lórí, kí o fà á padà. Bí ẹ bá ń ṣe èyí fún géèmù kan lẹ́ẹ̀kan, kò sí fídíò tó lè gba iṣẹ́ yín ṣe.

Kí ẹ sì fún lẹ́tà àwọn òǹkàwé ní ojú-ìwé méjì ó kéré tán. Ẹni kan á kọ̀wé pé «ibi báyìí ni mo há sí», òǹkàwé mìíràn ló máa dá a lóhùn nínú àtẹ̀jáde tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe olóòtú. Bí àwọn ìwé olólùfẹ́ bíi Adventure Probe ṣe rìn nìyẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1986. Ẹni tó ń retí ìdáhùn lẹ́tà rẹ̀ á ra èyí tó ń bọ̀.

Dátà Ò Tó, o rí i, bébà ṣì wúlò. Tí iná bá lọ tí fóònù sì kú, kí lo fẹ́ kà?

Ọmọ Òmù-Àrán

Ó bọ́ sí i, Màámi. Tèmi ni pé kí wọ́n má sọ ọ́ di ìwé àyẹ̀wò géèmù tuntun. Kí ẹ tó kọ ọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ayé ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì ní kọ̀ǹpútà tó lè gbé e. Ẹ kọ nípa ohun tí òǹkàwé yín lè gbá lónìí, lórí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

ScummVM ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé, nínú àtẹ̀jáde àkọ́kọ́. Láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Android, òun ló ń jẹ́ kí àwọn géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìsinsìnyí. Kì í ṣe géèmù fúnra rẹ̀ o, èèyàn ló máa wá fáìlì géèmù fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni Beneath a Steel Sky, géèmù 1994, ti fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003, Flight of the Amazon Queen sì tẹ̀ lé e. Méjèèjì wà lórí ìkànnì ScummVM. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ pè é ní géèmù àtẹ̀jáde yìí, kí gbogbo òǹkàwé jọ gbá a. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀dà tí kò ní ohùn kéré gan-an ju èyí tó ní ohùn lọ. Inú Dátà Ò Tó á dùn.

Ìtàn ibi tí géèmù yìí ti wá náà dùn, àmọ́ ẹ má da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ̀jáde kan, ìtàn kan. Will Crowther, tó máa ń wọ inú ihò àpáta kiri, ló kọ àkọ́kọ́ lọ́dún 1976 láti inú ihò Mammoth ní Kentucky. Don Woods fi kún un ní 1977. Ìyẹn kan, ó tó ojú-ìwé kan. Mystery House ti Roberta àti Ken Williams, 1980, tó kọ́kọ́ fi àwòrán sí i, ìyẹn kejì. Maniac Mansion, 1987, níbi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ títẹ̀ di ohun tí èèyàn ń fi mouse tọ́ka sí. Lẹ́yìn ìyẹn Myst, 1993.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kwara yìí sì ní ohun kan tí òyìnbó kò lè kọ. Gabriel Knight àkọ́kọ́, ti Jane Jensen, 1993, ọ̀rọ̀ vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kan, ni wọ́n fi hun ún, ọkùnrin inú rẹ̀ sì rìnrìn àjò dé orílẹ̀-èdè Benin. Ìpínlẹ̀ wa bá Benin yẹn pààlà! Kí ẹnì kan tó mọ ohun tí vodun jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín gbá a, kó wá kọ ibi tó ti bá a mu àti ibi tó ti jẹ́ àròsọ. Èmi á fi owó mi ra ìyẹn.

Onígèémù Tánkẹ

Háà! Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Kòsùbòsù ti ní òun ló máa kọ ti Gabriel Knight. Ẹ jọ̀ọ́, èdè wo ni ká lò? Àwọn kan láàárín wa ní Gẹ̀ẹ́sì, torí pé àwa ọmọ yunifásítì ò fi bẹ́ẹ̀ mọ àmì ohùn fi sí ọ̀rọ̀.

Tísà Òró

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Gẹ̀ẹ́sì ti ní irú ìwé yìí lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ẹ bá ṣe tiyín ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kàn wà lára wọn ni. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí orúkọ géèmù àti àṣẹ tí èèyàn máa tẹ̀ sínú rẹ̀ wà bí ó ṣe wà. Ti àmì ohùn, ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n, kó máa ka gbogbo rẹ̀ kó tó lọ. Olùkọ́ Yorùbá kò wọ́n n'Ílọrin, ẹ bi í dáadáa, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun tó máa yọ yín lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni fọ́ǹtì. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀, kọ̀ǹpútà máa ń gbé àmì lé wọn lórí lọ́tọ̀ ni, fọ́ǹtì tí kò bá lágbára á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó fi àpótí òfìfo sí i. Ẹ lo Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ̀dà tuntun Scribus, ohun èlò tí wọ́n fi ń to ojú-ìwé lórí kọ̀ǹpútà, á fi wọ́n sí ipò wọn, òun náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn fọ́ǹtì oníhóró-hóró tí ẹ̀yin onígèémù fẹ́ràn, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ẹ rárá. Ẹ fọwọ́ ya àkọlé tí ẹ bá fẹ́ ìrísí yẹn.

Màámi Ọ̀fà, mo fẹ́ fi ohun kan kún ti olobó. Àwọn òyìnbó ní ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń bo ìdáhùn: wọ́n á sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní mẹ́tàlá, ẹni tó bá fẹ́ kà á á tún sún un ní mẹ́tàlá, ó ti padà sípò, torí pé lẹ́tà 26 ni wọ́n ní. Ábídí tiwa jẹ́ 25, kò lè pín sọ́gbọọgba. Ẹni tó bá sún síwájú ní mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ sún ní méjìlá kó tó délé. Ẹ kọ òfin yẹn sí ẹsẹ̀ ojú-ìwé. Kí ẹ sì rántí pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb!

Ayàwòrán Gáà Àkànbí

Tísà, mo ti rí iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yín. Monkey Island ti 1990 máa ń bá páálí roboto kan tí wọ́n ń yí wá nínú àpótí rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó rà á ní tòótọ́. Èmi lè ya irú rẹ̀ tó ní ábídí 25, òǹkàwé á gé e jáde lára èèpo ẹ̀yìn, á fi pín-ìnì kan gún un láàárín, á fi máa tú olobó. Atẹ̀wé, ṣé art card, páálí dídán yẹn, á gbà á?

Ẹ̀yin Tánkẹ, ẹ gbọ́ ti àwòrán, torí pé ibẹ̀ ni irú ìwé yìí máa ń bà jẹ́. Àwòrán géèmù àtijọ́ jẹ́ 320 sí 200. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 300 dpi, fífẹ̀ rẹ̀ kò ní ju ínṣì kan lọ, ó fi díẹ̀ lé. Bí ẹ bá sì kàn fà á ńlá, kọ̀ǹpútà á rò pé òun ń ràn yín lọ́wọ́, á yọ́ gbogbo etí rẹ̀ pọ̀, ojú èèyàn á dà bí ẹni tó wà nínú èéfín. Nínú GIMP, ohun èlò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, níbi tí ẹ ti ń yí títóbi rẹ̀ padà, ẹ yan «None» síbi Interpolation, kí ẹ sì fi nọ́ńbà odidi sọ ọ́ di púpọ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí. Lójú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, hóró àwòrán kọ̀ọ̀kan ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, torí pé ojú ẹ̀rọ jẹ́ 4 sí 3. Tí ẹ kò bá tún un ṣe, gbogbo èèyàn inú géèmù á kúrú, á sanra. Ẹ sọ fífẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, gíga rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́fà: 1600 sí 1200. Ìyẹn fẹ̀ tó ínṣì márùn-ún ó lé díẹ̀ ní 300 dpi, ó sì wọ ojú-ìwé A5 pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ lápá méjèèjì. Bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un ni.

Kí ẹ sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i kí ẹ tó sọ ọ́ di dúdú. Ihò, àjà ilẹ̀, òru, ibẹ̀ ni àwọn géèmù yìí fẹ́ràn, Riso á kàn gbé dúdú pátápátá jáde fún yín.

Lọ́yà GRA

Mo ń kọjá lọ ni, kí n sọ díẹ̀. Copyright Act 2022 wa fàyè gbà yín láti lo díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn fún àríwísí àti àyẹ̀wò, bí ẹ bá ti sọ ẹni tó ni ín. Àwòrán méjì mẹ́ta láti inú géèmù tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò burú. Ẹ má gbé àwòrán àpótí géèmù ṣe èèpo ẹ̀yìn yín, ayàwòrán wà níbí, kó ya tiyín. Ẹ má da àlàyé tí ẹlòmíràn kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ. Ẹ má sì máa pín géèmù tí wọn kò sọ di ọ̀fẹ́ fún òǹkàwé yín, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Tí ẹ bá fẹ́ kó dúró, National Library of Nigeria ló ń fún ìwé ìròyìn ní ISSN, nọ́ńbà mẹ́jọ tó máa wà lára gbogbo àtẹ̀jáde. Òfin wọn ní kí akéde fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ ka ìyẹn mọ́ iye tí ẹ máa tẹ̀.

Dátà Ò Tó

Ó dáa, mo gbà fún bébà. Àmọ́ ta ni yóò máa sanwó rẹ̀?

Màámi Ọ̀fà

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Ẹ gba owó àtẹ̀jáde kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ má gba ti ọdún kan. Ẹni tó bá gba owó ọdún kan, tí ìwé náà bá dúró lẹ́yìn ìkejì, gbèsè ló jẹ, ojú á sì máa tì í kọjá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ ka iye àwọn tó sanwó, ẹ fi díẹ̀ lé e, iye tí ẹ máa tẹ̀ nìyẹn. Kí PDF jáde lẹ́yìn tí àwọn tó ra bébà ti kà á tán, bóyá lẹ́yìn oṣù kan.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló tó yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèdánwò. Kí ẹ sì má gbé àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé títí tí ohun tó máa wà nínú ìkejì yóò fi lé ní ìdajì lọ́wọ́ yín. Àtẹ̀jáde ìkejì ló ń pa irú ìwé yìí. Gbogbo èèyàn ti kó ohun tó mọ̀ sínú ti àkọ́kọ́, ó ti rẹ̀ wọ́n, olóòtú nìkan ló kù sídìí kọ̀ǹpútà.

Ti Ọ̀fà, ẹ dì í pọ̀, ẹ fún awakọ̀ ní gáréèjì, kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi á pín in níbí. Kí Ọmọ Òmù-Àrán ṣe tọ̀hún.

Ọmọ Òmù-Àrán

Mo ti gbà, Màámi. Èmi náà fẹ́ ojú-ìwé kan nínú rẹ̀ o: géèmù tí àwa fúnra wa ṣe. Twine wà, ohun èlò tí èèyàn fi ń ṣe géèmù onítàn, ọ̀fẹ́ ni, kò sí pé èèyàn ń kọ kóòdù kó tó lò ó, fáìlì HTML kan ṣoṣo ló máa ń fi jáde, WhatsApp gbé e dáadáa. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nípa àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́. Ìtàn ìlú ní èèyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta, ère ibẹ̀ sì ju 800 lọ. Nínú géèmù mi, ìwọ ni wọ́n fi ṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lálẹ́, ọ̀kan nínú wọn kò sí níbi tó wà lánàá. Ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà sínú ìwé, ẹ fi QR sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí èèyàn parí rẹ̀ lórí fóònù.

Tísà Òró

Fi í ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ wo àmì ohùn rẹ̀. Àwọn ère yẹn, ọ̀pọ̀ wọn jókòó ni, má jẹ́ kí gbogbo wọn dìde o.

Onígèémù Tánkẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. A máa ká dọ́mì lálẹ́ òní. Ẹ̀gbọ́n atẹ̀wé, ṣé a lè fọwọ́ ara wa gún pín-ìnì rẹ̀, kí owó lè dínkù? Art card yẹn ńkọ́?

Atẹ̀wé Ojú Ọ̀nà Táíwò

Art card á gbà á, ṣùgbọ́n kó má nípọn jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa sán níbi tí a ti ṣẹ́ ẹ po. Ẹ lè gún un fúnra yín. Stéplà ọlọ́wọ́ gígùn lẹ máa lò, ti ọ́fíìsì lásán kò ní dé àárín. Ẹ gún un láti ẹ̀yìn wọ inú, méjì péré. Kí ẹ sì mú stéplà tiyín dání, ẹni tó yá tèmi kò tíì dá a padà.